Òkun Kì í Ṣe Òdo

Lọ́tẹ̀ yìí, àṣìṣe tèmi fúnra mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà òtútù tó kọjá, mo jókòó sílé mi ní Gascoigne Estate, ní Barking níbí, mo ń ya máàpù kan lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ kóòdù ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ti ibi iṣẹ́. Ó kàn wù mí ni. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà àwọn ẹyẹ òkun àti ọ̀nà àwọn ọkọ̀ apẹja ńlá ti ń pàdé, láti Mòrókò títí dé Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ máa ń kó ìrìn àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń tọpa sí orí Movebank. Ìrìn àwọn ọkọ̀ ńkọ́? Ó wà lọ́dọ̀ Global Fishing Watch, tí Google, Oceana àti SkyTruth jọ dá sílẹ̀. Púpọ̀ nínú dátà yìí jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ kóòdù, mo mu tíì, nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, máàpù ti jáde. Ibi tí ẹyẹ àti ọkọ̀ ti pọ̀ pọ́n bí ata. Ibi tí kò ti sí nǹkan kan funfun.

Inú mi dùn. Mo fi í ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi lórí WhatsApp. Etí òkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni wọ́n ń gbé. Ẹja pípa ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ wọn. Kò pẹ́ tí ohùn wọn fi wọlé sórí fóònù mi:

"Ìwọ ọmọ yìí, o kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òkun ta lèyí? Mo wo iwájú ilé wa, ó funfun báláú. Ṣé àwọn ọkọ̀ tó ń fa àwọ̀n wa ya lóru, ojú àlá la ti ń rí wọn ni? Àwa fúnra wa ńkọ́? Níbo la wà níbẹ̀?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí kóòdù mi, mo sì rí i. Ìlà kan ṣoṣo ni. Mo ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé níbikíbi tí kò bá ti sí dátà, kó fi òdo síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè, ẹ fojú sí àmì ohùn: odò ni omi tó ń ṣàn, òdo ni nọ́ńbà tó dúró fún àìsí nǹkan kan. Òdo ń sọ pé, "Mo wò ó dáadáa, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀." Àlàfo ń sọ pé, "N kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi." Ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá ni. Èmi sì ti fi ìlà kóòdù kan sọ àìmọ̀ mi di òdodo.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń ronú lórí àwọn máàpù ẹyẹ àti ẹja tí à ń rí káàkiri. Èrò mi rèé, ẹ lè bá mi jiyàn: ká tó gba máàpù òkun kankan gbọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ẹni tó dákẹ́ níbẹ̀, àti ìdí tó fi dákẹ́. Ìdákẹ́ mẹ́ta ló wà lórí òkun wa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì dọ́gba. Ọ̀kan nínú wọn, òfin ló yẹ kó fipá tú u.

Ìdákẹ́ kìíní: ẹyẹ tí kò padà wálé

Ẹ jẹ́ ká mú gannet. Ẹyẹ òkun funfun ńlá ni. Bó bá na apá méjèèjì, ó lè fẹ̀ tó mítà 1.8. Tó bá rí ẹja láti òkè, á pa ìyẹ́ mọ́ra, á já wọnú omi bí òkò. Bass Rock, erékùṣù kékeré kan ní Skọ́tlándì, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù lágbàáyé. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n níbẹ̀ ní 2014, ìtẹ́ wọn lé ní 75,000. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ mọ́ díẹ̀ nínú wọn ní 2002 àti 2003, wọ́n sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó lọ lo ìgbà òtútù ní òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Kí ni wọ́n ń wá lọ? Ẹja ni. Láti Mòrókò dé Sẹ̀nẹ̀gàl, atẹ́gùn máa ń ti omi ojú òkun kúrò létí ilẹ̀, omi tútù láti ìsàlẹ̀ á wá gòkè rọ́pò rẹ̀. Omi ìsàlẹ̀ yìí kún fún èròjà tó ń mú kí àwọn ewéko tíntìntín inú òkun hù. Bí ewéko bá ti pọ̀, àwọn kòkòrò inú omi á pọ̀, ṣáwá àti kótè á sì sanra. Gannet mọ̀. Ọkọ̀ apẹja náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà wọn fi ń pàdé.

Báwo la ṣe ń tọpa ẹyẹ tó lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ tí wọ́n sábà máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe GPS bíi ti fóònù. Kékeré ni. Èyí tí wọ́n so mọ́ àwọn ẹyẹ Arctic tern ní Greenland, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2010, wọ̀n gíráàmù 1.4 péré, ó sì fi hàn pé ìpíndọ́gba ìrìn ẹyẹ náà lọ́dún kan jẹ́ kìlómítà 70,900. Nǹkan méjì ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe: ó ń wo ìmọ́lẹ̀, ó sì ń ka aago. Bí ojúmọ́ bá ṣe gùn tó ló máa sọ bí ẹyẹ ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé. Àkókò tí ọ̀sán gangan bọ́ sí ló máa sọ bó ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn tó. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi gan-an ni. Àmọ́ ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba níbi gbogbo láyé, ẹ̀rọ náà ò lè sọ bóyá àríwá ni ẹyẹ wà tàbí gúúsù.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyí: ẹ̀rọ yìí kì í fi ìròyìn ránṣẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ mú ẹyẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún tó tẹ̀lé e, kí ẹ tú ẹ̀rọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tó rí ohunkóhun. Ẹyẹ tó bá kú sínú àwọ̀n ní òkun Mauritáníà, òun àti dátà rẹ̀ ló jọ rì. Nítorí náà, gbogbo ìlà tí ẹ bá rí lórí irú máàpù bẹ́ẹ̀, ti ẹyẹ tó yè ni. Ibi tó léwu jù lè jẹ́ ibi tí ìlà kankan ò sí. Ní 2020, David Grémillet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé àwọn gannet tó ń yé ẹyin sí Bretagne, ní ilẹ̀ Faransé, kì í padà wálé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n sì fura sí ẹja tí wọ́n ń pa lápajù ní òkun Áfíríkà tí àwọn ẹyẹ náà ń lọ. Wọn ò kàn fi òdo síbẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Àìpadà àwọn ẹyẹ náà gan-an ni wọ́n kà sí ìròyìn.

Ìdákẹ́ yìí, a ò lè bá ẹyẹ wí sí i. Tiwa ni pé ká má ṣe ka àìsí ìlà sí àlàáfíà.

Ìdákẹ́ kejì: ọkọ̀ tó pa ẹ̀rọ rẹ̀

Àwọn ọkọ̀ ńlá ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní AIS. Ṣe ló máa ń kígbe léraléra: "Orúkọ mi nìyí, ibi tí mo wà nìyí, ibi tí mo dorí kọ nìyí, eré tí mo ń sá nìyí." Torí kí ọkọ̀ má bàa kọ lu ọkọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ní Yúróòpù, ọkọ̀ apẹja tó bá gùn ju mítà 15 lọ gbọ́dọ̀ ní i. Sátẹ́láìtì ń gbọ́ igbe yìí lókè, kọ̀ǹpútà sì ti kọ́ láti mọ ẹni tó ń pa ẹja nípa bó ṣe ń rìn: ọkọ̀ tó ń fa àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun ò lè sáré, á máa lọ á máa bọ̀ lójú kan. Ní 2018, àwọn onímọ̀ fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tó tó bílíọ̀nù 22 tọpa ọkọ̀ apẹja tó lé ní 70,000, wọ́n sì rí i pé wọ́n ń pẹja lórí ìdá tó ju 55 nínú ọgọ́rùn-ún òkun ayé lọ.

Ó dára bẹ́ẹ̀, àbí? Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní 2024, ìwádìí mìíràn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò dúró de ọkọ̀ kó sọ̀rọ̀. Sátẹ́láìtì ló ya àwòrán òkun fúnra rẹ̀, láti 2017 sí 2021. Èsì rẹ̀ rèé: nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ apẹja ńlá, láàárín 72 sí 76 ni kò hàn lórí máàpù tí gbogbo ènìyàn lè rí. Òkun Áfíríkà àti ti gúúsù Éṣíà ló sì pọ̀ sí jù. Máàpù ọjọ́ Sátidé tèmi, ẹ̀rí àwọn tó sọ̀rọ̀ nìkan ló gbà.

N kò ní purọ́ mọ́ wọn: kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sá pamọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé òfin orílẹ̀-èdè wọn ò fi dandan lé ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sá pamọ́ wà, ẹyẹ ló sì tú wọn fó. Henri Weimerskirch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé so ẹ̀rọ mọ́ albatross 169 ní gúúsù òkun Íńdíà. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ rédà, ìyẹn ohun tí ọkọ̀ fi ń ríran nínú òkùnkùn. Ọ̀gá ọkọ̀ lè pa AIS, ṣùgbọ́n bó bá pa rédà, ó ti di afọ́jú. Láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn ẹyẹ yìí bá ọkọ̀ 353 pàdé. Ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni AIS wọn ò sọ̀rọ̀. 2020 ni èsì yẹn jáde. Ẹyẹ tí à ń ṣọ́ ti di ọlọ́dẹ tó ń bá wa ṣọ́ òkun.

Ẹ wò ó: gannet tó wúwo bíi kílò mẹ́ta, a mọ ibi tó ti lo ìgbà òtútù. Ọkọ̀ tó gùn bíi pápá bọ́ọ̀lù, a ò mọ ibi tó sùn.

Àwa tí à ń gbé ní Barking, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé wa. Láti Gascoigne dé Town Quay, létí odò Roding, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Lónìí, ẹyẹ òkun tó ń du búrẹ́dì ló kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibẹ̀ ni ilé Short Blue Fleet ti ìdílé Hewett, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ ọkọ̀ apẹja tó tóbi jù láyé nígbà náà. Inú oko tí omi bò tó sì dì nígbà òtútù ni wọ́n ti ń kó yìnyín tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja dé ọjà Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1863, ìjì jà lẹ́bàá etíkun Họ́láńdì, ọgọ́ta ọkùnrin àti ọmọdékùnrin láti Barking ló bá a lọ. Wọn ò ní ohun tí wọ́n lè fi ké sílé. Ká ní ẹ lè ta AIS fún àwọn ìyàwó wọn ni, gbogbo ohun tí wọ́n ní ni wọn ì bá fi rà á. Lónìí, ọ̀gá ọkọ̀ ní ohùn lọ́wọ́, ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa á, kó lè rí ẹja ẹlẹ́ja jí kó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní àwọn ajalèlókun wà ní òkun wa, wọ́n sì lè fi AIS dọdẹ ọkọ̀. Òótọ́ ni. Wọ́n á tún ní ibi tí ẹja pọ̀ sí jẹ́ àṣírí òwò. Ìdáhùn mi rèé: n kò ní kí wọ́n gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́ta. Ibi tí ọkọ̀ wà níjẹta ò wúlò fún ajalèlókun kankan. Ọ̀pọ̀ ìjọba ló ti ní ìrìn àwọn ọkọ̀ apẹja wọn nílé, lórí ẹ̀rọ tìjọba tí wọ́n ń pè ní VMS. Wọ́n kàn tì í mọ́nú dúrọ́ọ̀ ni. Indonésíà gbé tiwọn síta ní 2017, Pérù tẹ̀lé e. Òkun wọn ò gbẹ. Ní ti àṣírí òwò, ẹni tó wọ oko ìdílé lọ wa iṣu kò lè sọ pé kí ìdílé má béèrè ibi tó ti wà á.

Ìdákẹ́ kẹta: ọkọ̀ kékeré tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè

Ẹ rántí ìbéèrè àbúrò bàbá mi: "Níbo la wà níbẹ̀?" Ọkọ̀ onígi wọn ò ní AIS, rédà sátẹ́láìtì náà kì í sábà rí i. Ewu wo ló wà níbẹ̀? Ewu ńlá ni. Bí àwọn aláṣẹ bá jókòó lọ́la láti pín òkun, kí wọ́n ní apá ibí fún ẹyẹ, apá ibẹ̀ fún epo, apá tọ̀hún fún ọkọ̀ ńlá, máàpù tó wà níwájú wọn á sọ pé kò sẹ́ni tó ń lo etí òkun Ìlàjẹ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nàìjíríà ní òfin lórí èyí. Òfin ẹja pípa lójú òkun ti ọdún 1992 ní kí ọkọ̀ ńlá má pẹja láàárín máìlì òkun márùn-ún sí etí ilẹ̀, ìyẹn bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Àwọn apẹja kéékèèké ló ni ibẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ mú ẹni tó rú òfin, nígbà tí máàpù ò rí ẹni tó wọlé, tí kò sì rí onílé?

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn etí òkun ò ní ẹ̀rí. Kí sátẹ́láìtì tó dé, òrùka irin kékeré tó ní nọ́ńbà ni wọ́n ń fi sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì níbí. Bí ẹyẹ bá dé Gánà, ẹni tó bá rí i létí òkun ló máa fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ padà. Ní 1982, Euan Dunn àti Chris Mead fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ ṣèwádìí lórí bí òwò ẹja sardine ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe bá iye òrùka ẹyẹ tern tó ń padà wá tan. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: lórí ọ̀rọ̀ ibi tí ẹyẹ òkun Gẹ̀ẹ́sì ń lọ, àwọn èèyàn etí òkun tiwa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú dátà wá.

Nítorí náà, n kò sọ pé kí a lọ fipá so ẹ̀rọ mọ́ ọkọ̀ onígi. Ìdákẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Tiwa tí a ò béèrè ni. Ẹ lọ bá wọn, ẹ bi wọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà, ẹ sì jẹ́ kí máàpù náà jẹ́ tiwọn.

Kí ló kàn wá nínú ẹ̀?

Ẹja ni. Ní 2021, Greenpeace àti Changing Markets sọ pé lọ́dọọdún, ẹja tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ló ń kúrò ní òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ di ìyẹ̀fun àti òróró tí wọ́n fi ń bọ́ ẹja ọ̀sìn àti ẹran ọ̀sìn nílẹ̀ ibòmíì. Wọ́n ní ẹja yẹn lè bọ́ mílíọ̀nù 33 ènìyàn. Ṣáwá tí gannet ń wá lọ ni ṣáwá tí ìyá ẹlẹ́ja ń yan. Bó bá tán, àwọn méjèèjì ni ebi máa pa.

Ní àdúgbò mi níbí, ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa tó ń ta Titus, kótè àti ṣáwá nínú fìrísà ò jìnnà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yí páálí kan po, mo rí "FAO 34" lára rẹ̀. Nọ́ńbà ibi tí wọ́n ti pa ẹja nìyẹn: láti etí òkun Mòrókò, ó kọjá Èkó, ó dé ẹnu odò Kóńgò. Bí ìgbà tí ẹnì kan bá bi yín pé níbo lẹ ń gbé, tí ẹ ní "Áfíríkà" ni. Mo béèrè lọ́wọ́ àǹtí tó ń tà á pé ọkọ̀ wo ló pa á. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì rà á. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ò tíì kúrò nílẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò yín pé kí ẹja inú òkun má wọ ìlú yìí mọ́, àfi bí ìrìn ọkọ̀ tó pa á bá hàn sí gbogbo ayé. Ẹni tó bá ti ń ta ẹja fún wa, kó sọ ibi tó ti rí i.

Mo ti tún máàpù mi ṣe. Ibi tí n kò mọ̀, mo fi àwọ̀ eérú kùn ún. Ká sọ òótọ́, kò dùn ún wò mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé eérú ni gbogbo rẹ̀. Mo tún fi ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n pè mí.

"Èyí sàn," wọ́n ní. "Ó kéré tán, o ti gbà pé o ò mọ̀. Ṣé o ní bébà nítòsí? Máa kọ ọ́ sílẹ̀."